Láptọ́ọ̀pù wo ni kí ẹ rà fún Linux: ThinkPad T450, MacBook Air, àbí kékeré olówó pọ́ọ́kú?

Èèyàn mẹ́ta ló ti bi mí ní ọ̀rọ̀ yìí láàárín oṣù kan. Ẹni tó pè mí kẹ́yìn tiẹ̀ ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù, owó ti wà lọ́wọ́, ọlọ́jà ti ń sọ pé tí wọn ò bá tètè mú un ẹlòmíì máa gbé e lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì sanwó, ẹ jọ̀ọ́." Nǹkan tí mo sọ fún wọn lórí fóònù lọ́jọ́ náà ni mò ń kọ síbí, kí n lè sinmi àlàyé.

Ẹ ṣáà mọ bó ṣe jẹ́. Microsoft ti ṣíwọ́ lórí Windows 10 láti 14 October 2025, Windows 11 sì ní àwọn ọpọlọ ẹ̀rọ Intel tí kò tó jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ kì í ṣe ẹgbẹ́ òun, àfi bí ẹyọ kan méjì. Bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn tòkúnbọ̀ tó kún ìgboro Àkúrẹ́ yìí ni ò tó kẹjọ. Wọn ò bàjẹ́ o, iṣẹ́ ṣì kún ọwọ́ wọn, Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí ẹ̀rọ bíi ti Windows, ló yẹ wọ́n. Oríṣi Linux tó ń jẹ́ Linux Mint 22 lèmi ń lò, èyí tó ní ojú iṣẹ́ Xfce, torí ó fúyẹ́, wọ́n á sì máa bá wa tún un ṣe títí di 2029. Tó bá jẹ́ Lubuntu, oríṣi Linux míì tó fúyẹ́, lẹ fẹ́, mi ò ní bá yín jà.

Àwọn tí mo fẹ́ fi wéra: ThinkPad T450 tí mò ń fi tẹ ọ̀rọ̀ yìí, MacBook Air ti 2014 tó jẹ́ ti àbúrò mi obìnrin (èmi ni mo gbé Linux lé e), àti àwọn kékeré oníke tó ní Celeron (ọpọlọ Intel tí ò lágbára), RAM (ibi tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ń gbé) 4GB àti àyè ìpamọ́ 32GB, tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì FUTA. Mo lo ọ̀kan nínú ìyẹn fún bí oṣù márùn-ún. Ìkẹrin náà wà tí mi ò ní dárúkọ, òun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ìwọ̀n skírínì, Bluetooth, iye ihò USB, mi ò ní sọ ìyẹn rárá, ibi gbogbo lẹ ti lè rí i kà.

Pásíwọ́ọ̀dù inú BIOS

BIOS ni ètò kékeré inú ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ ń jí kó tó pe Windows tàbí Linux. Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ibí lowó mi wọlẹ̀ sí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ra tòkúnbọ̀, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo rí láptọ́ọ̀pù dúdú kan, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òkè òkun máa ń fún òṣìṣẹ́ wọn. Wọ́n tàn án, Windows jáde, mo ṣí YouTube, fídíò ń lọ, gbogbo bọ́tìnnì ń dáhùn, inú mi ń dùn ṣìnkìn, mo sanwó, mo kì í bọ báàgì, ó di ilé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ki fíláàṣì Mint bọ̀ ọ́, mo tún un tàn, mo tẹ bọ́tìnnì tó yẹ kí n tẹ̀, dípò kó fi fíláàṣì hàn mí, àpótí kékeré kan ló yọ jáde pẹ̀lú àwòrán àgádágodo, ó ní kí n mú pásíwọ́ọ̀dù wá. Pásíwọ́ọ̀dù wo? Mo pe ọlọ́jà, ó ní, "Àbúrò mi, ṣé Windows ò ṣiṣẹ́ ni? Kí lo tún ń wá lọ sábẹ́ ẹ̀?" Nígbà tí mo gbé e padà lọ́jọ́ kejì, èdè ti yí: ọjà tó bá ti kúrò lórí káńtà òun, kò tún mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn kì í fẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi fíláàṣì tan ẹ̀rọ wọn, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ti BIOS pa. Nígbà tí wọ́n bá kó ẹ̀rọ tà lọ́pọ̀, wọ́n á nu dísìkì, wọ́n á gbàgbé àgádágodo. Windows á máa ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀, ẹni tí ò fẹ́ ju Windows lọ lè lò ó títí kó má mọ̀ láyé. Àwa tá a fẹ́ gbé nǹkan míì lé e la máa ń kàn án.

Enjiníà àkọ́kọ́ ní kékeré ni, òun á yọ bátìrì rogodo bíi kọ́ìnì tó wà lórí bọ́ọ̀dù, òun á fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó gbàgbé gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ó gba ₦8,000. Ẹ̀rọ náà gbàgbé déètì òní, ó gbàgbé aago, pásíwọ́ọ̀dù nìkan ló rántí. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ ọgbọ́n yẹn máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì, inú ṣíìpù tí ò nílò bátìrì kó tó rántí nǹkan ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Ẹnì kejì wà ní ìlú Oǹdó, ó ní òun ní kóòdù, mo wọ mọ́tò lọ mo wọ mọ́tò bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kóòdù ò wọlé. Ẹnì kẹta ló sòótọ́: àfi kéèyàn tún ṣíìpù yẹn kọ tàbí kó pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ₦35,000, bọ́ọ̀dù náà sì lè kú sí òun lọ́wọ́. Mo kí i pé ó ṣeun, mo gbé ẹrù mi.

Nǹkan tó yọ mí ò gbà ju síkúrù mẹ́fà lọ. Mo tú ìdí ẹ̀, mo yọ SSD ẹ̀, ìyẹn dísìkì inú ẹ̀, mo kì í bọ láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé Mint lé e níbẹ̀, mo dá a padà sílé ẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì ìtanná, Mint jáde! Torí fíláàṣì nìkan ni wọ́n ní kó má gbà, wọn ò sọ fún un pé kó má gba nǹkan tó wà lórí dísìkì tirẹ̀. Secure Boot, ẹ̀ṣọ́ tó ń dá ètò tí ò níwèé àṣẹ dúró, tí mi ò lè pa náà ò dí mi lọ́wọ́, Mint ní ìwé àṣẹ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń tàn án ló ti ń bèèrè pásíwọ́ọ̀dù kó tó ṣe nǹkankan, ọgbọ́n yìí ò ràn án. Àgádágodo náà sì wà níbẹ̀ di òní, mi ò lè yí ohunkóhun padà nínú BIOS, mi ò sì lè tà á fún ẹni tó bá mọ nǹkan tó ń rà.

Ó yá, nínú àwọn mẹ́ta wa. Kékeré oníke ló sàn jù níbí, inú ilé àwọn èèyàn ló ti máa ń wá, ṣàṣà lẹni tó ń tì í pa. MacBook náà ní tiẹ̀: ẹ di bọ́tìnnì Option mú bẹ́ ẹ ṣe ń tàn án, tí àgádágodo bá jáde, ẹ gbé e sílẹ̀. ThinkPad ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù, ọmọ ọ́fíìsì ni. Ẹ tẹ F1 kẹ́ ẹ wọ BIOS, F12 fún fíláàṣì. Tó bá jẹ́ HP, F10 àti F9. Dell, F2 àti F12. Ìṣẹ́jú méjì péré. Fíláàṣì tara yín ni kẹ́ ẹ mú dání o, Mint ò pé 4GB, ẹ dáǹlóòdù ẹ̀ lóru tí dátà dínwó, kẹ́ ẹ fi Rufus, ètò ọ̀fẹ́ kan lórí Windows, kọ ọ́ sórí fíláàṣì. Tó bá ti ṣí láti orí fíláàṣì, ẹ dán Wi-Fi wò, ohùn, kámẹ́rà, gbogbo bọ́tìnnì, kò ní fọwọ́ kan dísìkì wọn. Ọlọ́jà tó bá ní kẹ́ ẹ má ki fíláàṣì bọ ẹ̀rọ òun, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Wi-Fi

T450: Intel ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, Linux máa ń gbé e lójú ẹsẹ̀. MacBook Air: Broadcom, dráífà ẹ̀ (ètò tó ń mú un ṣiṣẹ́) ò sí ní gbangba bíi ti Intel, ẹ máa nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti fi gba nǹkan tó máa fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ayé! Ẹ fi wáyà so fóònù Android mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering kó máa pín dátà ẹ̀ fún láptọ́ọ̀pù, ó tán. Kámẹ́rà ti 2013 sókè náà, dráífà ẹ̀ ò sí nínú Linux fúnra ẹ̀, ìta lẹ ti máa wá a. Kékeré: oríṣiríṣi ni, fíláàṣì ló máa sọ.

Iná

NEPA la jọ ń bá gbé. T450 ní bátìrì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá yọ ti ẹ̀yìn láìpa ẹ̀rọ, ti inú á gbé e dúró títí ẹ ó fi ki òmíì bọ̀ ọ́. Mo ní ti ẹ̀yìn méjì, ọ̀kan wà nínú báàgì nígbà gbogbo. Ti MacBook, inú pátápátá ló wà, síkúrù ẹlẹ́nu márùn-ún ló dè é, kì í ṣe gbogbo enjiníà ló ní irinṣẹ́ ẹ̀. Kékeré ò jẹná, mo gbà fún un.

RAM àti àyè

T450 ní ihò RAM méjì, ó ń gba 16GB. (Ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn o: T450s yàtọ̀, ihò kan ló ní, 4GB yòókù ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù.) Ti MacBook lẹ̀ pátá, bẹ́ ẹ ṣe rà á lẹ ó ṣe máa lò ó, 4GB ti àbúrò mi ń mí gúlegúle tó bá ti ṣí Chrome tòun ti Zoom, ẹ wá èyí tó ní 8GB. Kékeré: 32GB náà ti lẹ̀, Mint ní kò gbọdọ̀ dín ní 20GB, ẹ bá mi ṣírò ibi tí fọ́tò máa gbé.

Ẹwà? MacBook, ojú ò ní rí arẹwà kó má kì í. Èyí tó fúyẹ́ jù? MacBook náà ni. Skírínì T450, púpọ̀ nínú ẹ̀ ṣú dùdù, mi ò ní purọ́.

Nítorí náà

Kálukú pẹ̀lú ohun tó ń wá. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e rìn káàkiri tí ẹ sì rí MacBook Air tó ní 8GB, tí Option ò mú àgádágodo jáde, ẹ rà á. Tó bá jẹ́ ọmọ tó fẹ́ máa tẹ nóòtì nìkan, kékeré pẹ̀lú Lubuntu á tó o fún ọdún kan. T450 ò lẹ́wà, ó wúwo, ó sì lè jẹ́ pé àgádágodo ló wà lára ẹ̀. Mo ṣáà ra ìkejì lóṣù tó kọjá fún ìyàwó mi.

Ẹ̀gbọ́n tó pè mí láti ṣọ́ọ̀bù, ThinkPad náà ló wà níwájú wọn. Wọ́n tẹ F1, àgádágodo jáde. Wọ́n ní kí wọ́n gbé òmíì wá, àgádágodo. Ẹ̀kẹta ló ṣí.