Báà kan tí kì í ṣe ti Bach: ohun tí mo rí nínú ìwé Henle

Fọ́tòkọ́pì ìwé tí Czerny, olùkọ́ dùùrù kan láyé àtijọ́, ṣètò ni ọ̀gá tó kọ́ mi ní dùùrù fún mi, òun ni mo sì fi kọ́ apá kìíní Well-Tempered Clavier, àkójọ orin dùùrù tí Bach, olórin ilẹ̀ Jámánì, kọ. Ọdún 1837 ni Czerny gbé ìwé yẹn jáde. Ó kọ bí orin ṣe gbọ́dọ̀ yára tó sí i, àti ibi tí a ó ti rẹ ohùn sílẹ̀. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn kò ti ọwọ́ Bach wá, àmọ́ èmi ò mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni mo ra Urtext ti Henle, ilé ìtẹ̀wé orin kan ní Jámánì. Ọ̀rọ̀ Jámánì ni Urtext: orin bí ẹni tó dá a sílẹ̀ ṣe kọ ọ́, láìsí àfikún ẹlòmíì. Mo ṣí i, mo bẹ̀rẹ̀ prelude (orin kúkúrú tó ń ṣíwájú òmíràn) àkọ́kọ́, ti C. Bí mo ṣe kọjá báà 22 (báà ni ìpín kéékèèké tí a pín orin sí), ọwọ́ mi kọsẹ̀. Mo ka báà rẹ̀: 35. Ti fọ́tòkọ́pì mi, 36. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tó tẹ̀wé ló fo ọ̀kan ni. Mo wá lọ wo ìwé tí Bach fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní 1722, tó wà ní Berlin, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. 35 ni.

Báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, ló fà á. Bach gbé e láti F♯ fò lọ sí A♭, ó ré G kọjá, kó tó padà wá jókòó lórí G yẹn fún báà mẹ́jọ. Ó dà bí àṣìṣe lójú ẹnì kan, ló bá ki báà kan bọ àárín wọn kí ọ̀nà lè tẹ́jú. Báà Schwencke ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bí Bach ṣe kọ ọ́: ìfò yẹn máa ń gbá mi láyà, títí dòní.

Ìwé náà tẹ́ pẹrẹsẹ lórí dùùrù, nóòtì rẹ̀ sì mọ́ lójú. Owó rẹ̀ ga. Nọ́ńbà tí András Schiff, atẹdùùrù, fi sí i láti sọ ìka tí a ó lò kò bá ọwọ́ mi kékeré mu níbi púpọ̀. Èyí tí kò ní nọ́ńbà ni màá rà fún apá kejì.

Ọmọ tí mo ń kọ́ báyìí, Henle ni mo fi bẹ̀rẹ̀ fún un. Níbi ìgbéyàwó kan, a kọ Ave Maria ti Gounod, ẹni tó gbé ohùn tirẹ̀ lé orí prelude yìí, pẹ̀lú báà Schwencke nínú rẹ̀. Bí mo ṣe tẹ báà yẹn, ọmọ náà yíjú pada wò mí.