Atik 383L+: kámẹ́rà àlòkù tí mo fẹ́ tà

Ẹni tó ń ta ọjà kì í bú u, ṣùgbọ́n ti kámẹ́rà ìràwọ̀ yìí, ibi tó dáa àti ibi tó kù sí ni mo máa sọ. Sheffield ni mo ń gbé, ẹni tó bá sì rà á lè tún pàdé mi lọ́jà lọ́la.

Dúdú-funfun ló ń yà, kì í ya àwọ̀. KAF-8300 ti Kodak ni ojú tó fi ń ríran, ó ní píkísẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù 8. Ẹ̀rọ ìmútutù wà nínú ẹ̀, kí àmì wínníwínní má bàa pọ̀ nínú àwòrán. Bí ìta bá wà ní 10°C, mo máa ń gbé e sí -20°C, ibẹ̀ náà ló sì máa wà di ìdájí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ ni ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí, tó ń tì níwájú ojú ẹ̀. Tí mo bá fẹ́ ya dark, ìyẹn àwòrán inú òkùnkùn tí a fi ń yọ àbùkù kámẹ́rà kúrò nínú fọ́tò, á ti ara ẹ̀, mi ò ní jáde sínú òtútù lọ dé ẹnu tẹlisikópù. Bí ìyàwó mi bá gbọ́ ọ ní alẹ́ tó pa rọ́rọ́, á ní, "Bàbá Tóbi, ẹ̀rọ yín tún ti ń pa ẹ̀pà." Àmọ́ ìlẹ̀kùn yìí kan náà ni kò jẹ́ kí n máa ya ìràwọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan: apá kan àwòrán á gba ìmọ́lẹ̀ ju apá kejì lọ. Mi ò kì í yà á kéré sí ìṣẹ́jú àáyá 10.

Wíwọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ niṣẹ́ ẹ̀ gan-an. Ẹ wo ìràwọ̀ RR Lyrae, tó ń mọ́lẹ̀, tó sì ń ṣókùnkùn padà láàárín nǹkan bíi wákàtí 13 ààbọ̀. Fílítà V, tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé kọjá, ni mo fi sí i, mo wá yí fókọ́ọ̀sì kúrò lójú ẹ̀ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn ká orí píkísẹ́lì púpọ̀. Nínú 65,535 tó lè kà, mi ò jẹ́ kó ju 30,000 lọ, torí tó bá ti fẹ́ kún, iye tó ń kà kì í ṣeé gbọ́kàn lé mọ́. Nígbà tí mo to àwọn nọ́ńbà yẹn sórí gíráàfù, mo rí bó ṣe sáré gòkè tó sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀. Inú mi dùn sí ìlà yẹn ju fọ́tò èyíkéyìí lọ. AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà, ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1911, ń gba irú iṣẹ́ báyìí lọ́wọ́ aláfẹ́ bíi tiwa.

Tó bá jẹ́ fọ́tò tó rẹwà nìkan lẹ fẹ́, ẹ lọ ra èyí tó ń lo CMOS, irú ojú kámẹ́rà tuntun. Ariwo, ìyẹn àmì wínníwínní, tí tèmi ń fi kún àwòrán tó bá ń kà á tó ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 7, tí àwọn tuntun kì í sì í sábà ju 3 lọ. Torí ẹ̀, fún nẹ́búlà Rosette, ìkùukùu gáàsì kan lójú ọ̀run, pẹ̀lú fílítà H-alpha tó ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa háídírójìn nìkan, ìṣẹ́jú 10 ni mo ń lò fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan. USB 2.0 àtijọ́ tí kò yára ló sì ń lò, ẹ ní sùúrù.

Eruku kan wà nísàlẹ̀ lápá òsì, flat, ìyẹn àwòrán ojú ìmọ́lẹ̀ tó dọ́gba, máa ń pa á rẹ́. Wáyà iná 12V àti páálí ẹ̀ wà níbẹ̀, fílítà kò sí níbẹ̀. Pọ́n-ùn 300 ni mò ń pè é, mo sì fẹ́ kí ẹ wá wò ó fúnra yín: màá tàn án lójú yín, kó tutù dé -20°C, kí ẹ tó ka owó.