Ẹ́kò tàbí MRI fún ọmọ tó ní àìsàn ọkàn àbímọ́ni?

Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú Tetralogy of Fallot ní ihò láàárín ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ méjèèjì ọkàn rẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró sì há. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹ́kò (echocardiogram, àyẹ̀wò tó ń fi ìró wo ọkàn) ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì pa àyà ọmọ, ìró tí etí kò lè gbọ́ á sì máa ya àwòrán ọkàn bó ṣe ń lù. Kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray, ìyá sì lè gbé ọmọ lé itan.

MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń pariwo bí ẹni ń lu páànù, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ mira, nítorí náà ọmọ kékeré sábà máa ń gba oògùn oorun. Owó rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ́kò bá ti fi ohun gbogbo hàn, èmi ò ní sáré lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, egungun àyà àti ẹ̀dọ̀fóró á máa dí ẹ́kò lójú. Bẹ́ẹ̀, apá ọ̀tún ọkàn ni wàhálà wà: fáàfù (ilẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn) tó wà lọ́nà ẹ̀dọ̀fóró a máa jò, ìyẹ̀wù ọ̀tún á sì máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ara ń ro ẹni náà. MRI ló mọ bí a ṣe ń wọn ìfẹ̀ yẹn àti iye ẹ̀jẹ̀ tó ń padà. Òun làwọn dókítà sábà ń wò kí wọ́n tó pinnu ìgbà tí wọ́n máa pààrọ̀ fáàfù. Ẹni tó bá ní pacemaker (ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ọkàn lù déédéé) láyà kó tètè sọ, torí àwọn kan kò bá MRI mu.