Ìkìlọ̀ o: Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta "Voltron ayé àtijọ́" ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún bíi tèmi, bí ẹ bá rí ẹnì kan tó gbé àwòrán kìnnìún márùn-ún sórí WhatsApp, tó ní òun ní Voltron ti 1984 lódindi, orijínà, kàtúùnù kìnnìún onírin márùn-ún tó ń so pọ̀ di róbọ́ọ̀tì ńlá kan, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i. Kọ́bọ̀! Mo ti fi ₦25,000 ránṣẹ́ ní tèmi. Ohun tó dì sínú wébíìlì fún mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, torí ó ń run mí nínú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà, kàtúùnù. Ẹ rín in tẹ́rùn. Ẹni tó dàgbà nígbà tí NTA ṣì ń ṣí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú òun funfun ló wà nílé wa ní Ṣàgámù. A ò mọ kìnnìún tó pupa yàtọ̀ sí èyí tó ní àwọ̀ ewé, ìjà la fi máa ń pín in. Dúdú nìkan lojú gbogbo wa mọ̀, òun ló sì ń di àyà àti orí Voltron, nítorí náà ẹni tó bá lágbára jù ló ń gbà á. Èmi ni mo máa ń gbà á. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi.

Ohun tó mú mi gbà ọ̀daràn yìí gbọ́ ni pé ó mọ ọjà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá 72 ni, ti kìnnìún nìkan, òun ò da ti ọkọ̀ mọ́ ọn. Òótọ́ sì ni ìṣirò yẹn! Àwọn ará Amẹ́ríkà ra kàtúùnù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Japan, GoLion tó jáde ní 1981 àti Dairugger XV, wọ́n sì fi orúkọ kan ṣoṣo pe méjèèjì. Ti kìnnìún jẹ́ 72, ti ọkọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ 52. Ẹ rántí bí inú wa ṣe máa ń bàjẹ́ bí a bá jókòó de kìnnìún, tí ọkọ̀ wá jáde? Ẹni tó bá mọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní rò pé ọ̀kan lára wa ni? Mo ní kó fi díẹ̀ hàn mí. Ó fi fídíò kékeré ránṣẹ́, àwọn kìnnìún ń jí lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń jáde láti inú omi. Omi bọ́ lójú èmi náà. Mo fi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo sanwó kí ọjà tó dé. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ra aṣọ láti Èkó, ṣé ẹ kì í kọ́kọ́ sanwó ni?

Dírẹ́bà gbé fíláàṣì tó kó kàtúùnù náà sí dé gáréèjì, mo tún san owó wébíìlì, mo dé ilé, mo ṣí apá kìíní. Òun gan-an ni! Àwòrán rẹ̀ ti ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni. Mo ṣí apá kejì, òun náà ni. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i pé, "Ọlọ́run á bù kún ọ, ọwọ́ rẹ á máa ròkè." Mo gbàdúrà fún olè! Ó sì dáhùn pé, "Àmín, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi láti Ìperu. Ìyàwó mi ro ìkòkorè, mo ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kí iná má bàa dójú tì wá, mo kó àwọn ọmọ jọ, mo ní kí wọ́n gbé fóònù wọn sílẹ̀, kí wọ́n wá wo ohun tó ń jẹ́ kàtúùnù. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ẹnu lu ìlù orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Apá kìíní kọjá, ìkejì kọjá. Ìkẹta bẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan yí padà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ọwọ́. Ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń dán bíi ti bèbí oníke, ẹnu ń lọ lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lọ́tọ̀. Ọkùnrin kan jáde tí apá kan ara rẹ̀ ti di irin. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ta lèyí?" Mo ní Lotor ni, ọmọọba tó ń bá Voltron jà. Ó ní, "Lotor wo?" Mi ò lè dáhùn. Àkọ́bí mi wá wò mí, ó ní, "Dádì, ṣé èyí lẹ sọ pé ó dáa ju tiwa lọ?" Ìyàwó mi sáré wọ inú ilé ìdáná. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, The Third Dimension nìyẹn, èyí tí wọ́n ní àwọn fi sọ Voltron jí ní 1998. Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ kàtúùnù nígbà yẹn, wọ́n sì fẹ́ fi han gbogbo ayé pé àwọn náà lè lò ó. Mo mọ̀ pé ó ní àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Kí Ọlọ́run ṣàánú wọn. Nínú ti àtijọ́, bí àwọn kìnnìún bá ń so pọ̀, wàá mọ̀ pé irin ń wọ inú irin, pé nǹkan tó wúwo ló ń dìde. Nínú ti 1998, wọ́n ń fò kiri bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló kún inú wọn. Kí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ fún mi nírú èyí, kó pè é ní 1984, kó sì gba ₦25,000!

Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà títí mo fi ka gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì yẹn tán. Méjì ni ojúlówó. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ti 1998, iye apá tó ní náà nìyẹn. Ó tún da mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kan náà kọ lẹ́ẹ̀kejì, ó fún wọn ní nọ́ńbà tuntun. Ó wá fi méjìdínlógún nínú ti ọkọ̀ dí ìyókù, ọkọ̀ tó ní òun ò da mọ́ ọn! Ẹ rò ó pọ̀, 72 géérégé. Olè yìí jókòó, ó ṣe ìṣirò, ó mọ̀ pé èèyàn á ṣí àkọ́kọ́, á ṣí ìkejì, á sì dúpẹ́. Ó yẹ kí n ṣí ti àárín. Mo mọ̀. Ìyàwó mi ti sọ ọ́ fún mi, ẹ má tún un sọ. Ta ló ń ra àpò gààrí tó ń da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sanwó?

Mo pè é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Voltron kọ́ ni? Ti tuntun ni mo bá yín fi sí i, ẹ̀ bá dúpẹ́." Ẹ gbọ́ o! Nígbà tí mo ní kó dá owó mi padà, ó di nọ́ńbà mi pa.

Àbúrò mi kan tó rò pé òun ń tù mí nínú ní Voltron fúnra rẹ̀, ọjà àṣìgbé ni. Òótọ́ ni: ohun tí wọ́n sọ ni pé róbọ́ọ̀tì mìíràn tó ní kìnnìún, Daltanious, ni àwọn ará Amẹ́ríkà ní lọ́kàn, ilé iṣẹ́ Toei ní Japan ṣèèṣì fi GoLion ránṣẹ́, wọ́n sì rí i pé ó dáa ju èyí tí wọ́n ń wá lọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tiwọn dáa ju ohun tí wọ́n bèèrè lọ! Èmi ńkọ́? Mo ní kó gbé ìtùnú rẹ̀ lọ.

Àwọn tó ní kí n lọ sọ fún ọlọ́pàá, kí ni kí n kọ sílẹ̀? Pé wọ́n fún mi ní kìnnìún tí kò tọ́? Àwọn tó sì fẹ́ sọ pé àdàkọ lásán ni gbogbo rẹ̀, pé ẹni tó ra ọjà àdàkọ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ẹ fi ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta ojúlówó rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde hàn mí kí n lọ bá wọn.

Kí n tó gbàgbé: ẹ ṣí apá ti àárín àti ti ìparí kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo bí fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Bí méjì bá bára mu géérégé, ọ̀kan náà ni. Ẹ ní kó fi ibi tí Sven, ẹni tó ń wa kìnnìún búlúù, ti farapa ránṣẹ́, tí Ọmọọba Allura wá gba kìnnìún náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó bá ti jáde, ẹ tètè pe báńkì. Ó tán.

Ní tòdodo, mi ò gba olùtajà kankan gbọ́ mọ́. Ẹni tó ń ta fóònù, ẹni tó ń ta epo pupa, gbogbo wọn ló ń to èyí tó dáa sókè. Àwọn tó ni Voltron gan-an, ṣé wọ́n sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ ni? 1998, wọ́n sọ ọ́ jí. 2011, wọ́n tún sọ ọ́ jí. 2016, ó dé orí Netflix; mo gbà pé ìyẹn dáa níbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó wò ó dé ìparí ní 2018 bóyá inú wọn dùn. Kìnnìún márùn-ún náà ni wọ́n ń fi fà wá wọlé.

Ẹni tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí, kó kọ ọ́ síbí, kó má tijú. Bí ẹnikẹ́ni láàárín yín bá sì ní ojúlówó, èmi ni mo máa wá bá a nílé pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù tèmi. Mi ò ní fi owó ránṣẹ́ o. Owó á wà lápò mi, a ó jọ wò ó láti ọ̀kan dé méjìléláàádọ́rin.