Àbẹ́là tàbí òṣèré: àfiwé méjì lẹ́nu Macbeth

Apá 5, ìran 5 nínú Macbeth, eré tí Shakespeare kọ, ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún Macbeth, ọba inú eré náà, pé ìyàwó rẹ̀ kú. Ó pe ayé ní àbẹ́là kúkúrú, ó ní kó kú, kó kú. Kò pẹ́, ó tún pè é ní òṣèré tó ń yan fanda lórí ìtàgé fún wákàtí kan, tí a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìyẹn pípe ohun kan ní ohun mìíràn, ni méjèèjì. Àbẹ́là bá olóògbé mu gan-an: ní ìran 1 nínú apá 5 yìí kan náà, òun ló ń gbé àbẹ́là kiri lójú oorun, tó ń fọ ọwọ́ tí kò lẹ́jẹ̀. Síbẹ̀, ti òṣèré ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù. Òṣèré gidi ló ń sọ ọ́ níwájú wa, bó bá sì sọ ọ́ tán, òun náà á kúrò lórí ìtàgé.