Iṣẹ́ Káńsù àbí Iṣẹ́ Àjọ Aláàánú l'Ógbòmọ̀ṣọ́?
Iṣẹ́ káńsù kì í tètè bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Owó olùrànlọ́wọ́ ni àjọ aláàánú fi ń sanwó oṣù. Bó bá tán, iṣẹ́ tán nìyẹn. Nítorí náà, ẹ bèèrè ọjọ́ tí owó náà máa parí kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé.

Àmọ́ níbi tí àjọ bá ti mọyì òṣìṣẹ́, ọ̀gá á jókòó tì í kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n á sì fún un lówó ọkọ̀ kó tó gbéra lọ sí Ajáàwà tàbí Ìkòyí-Ilé, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti ná tiẹ̀ tán. Èyí ṣe pàtàkì gan-an ni! Tí iye òṣìṣẹ́ àjọ bá pé 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ọdún 2014 ní kí àjọ náà dá owó ìfẹ̀yìntì: 10% látọwọ́ agbanisíṣẹ́, 8% látọwọ́ òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá ń yọ 8% yín láìfi 10% tiwọn kún un, ẹ tètè bèèrè.