Prometheus àti Grafana lórí sáfà MCP: ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ fi log tì í

Ilé ìtàwé kan n'Íbàdàn tó ń ta ìwé Yorùbá ni mò ń bá tọ́jú sáfà MCP rẹ̀ (MCP ni ìlànà tí AI fi ń lo irinṣẹ́ tó wà níta rẹ̀). Irinṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí AI ń lò: ọ̀kan ń wá ìwé, ọ̀kan ń wo iye tó kù nílẹ̀, ìkẹta ń gba ìwé sílẹ̀ fún oníbàárà. Prometheus, tó ń kó iye jọ, àti Grafana, tó ń yà á sí gíráàfù, ni mo fi ń ṣọ́ wọn.

Ẹni tó ti ń ṣọ́ wẹ́bùsáìtì tẹ́lẹ̀ á fẹ́ máa wo nọ́ńbà èsì HTTP lásán: 200 (ó dára) àti 500 (sáfà kùnà). Kò tó. Bí irinṣẹ́ MCP bá kùnà lẹ́nu iṣẹ́, sáfà lè dáhùn 200 síbẹ̀, kó jẹ́ pé inú èsì ni isError: true, àmì pé irinṣẹ́ kùnà, wà. AI á ka ìyẹn, á tún un pè, tàbí kó sọ fún oníbàárà pé kò rí nǹkan kan. Ìwé wà lórí pẹpẹ, oníbàárà ti lọ, gíráàfù HTTP kò sì fura.

Nítorí náà, mo ní kí sáfà máa ka ìpè irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́ta: ó yọrí, ó kùnà, tàbí ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Prometheus fúnra rẹ̀ ló ń wá kó iye wọ̀nyí ní /metrics, Grafana á sì yà á. Ẹ má fojú di òfo yẹn o! Ìgbà tí ìlà rẹ̀ ń ga ṣáá lórí irinṣẹ́ ìwákiri, inú log (àkọsílẹ̀ ohun tí sáfà ń ṣe) la ti rí ìdí: AI ń kọ àkọlé ìwé láìfi àmì ohùn sí i, database wa sì ń wá a pẹ̀lú àmì. A ní kí ìwákiri máa yọ àmì kúrò lára méjèèjì kó tó fi wọ́n wéra. Ìlà náà wálẹ̀. Inú mi dùn gan-an, torí ìwé Yorùbá gan-an ni kò ṣeé rí tẹ́lẹ̀.

Log ló sọ ìdí, kì í ṣe Prometheus. Ẹ má sì gbìyànjú láti fi àkọlé tí AI béèrè ṣe label (àmì tí Prometheus fi ń pín iye sí ọ̀wọ́). Àkọlé kọ̀ọ̀kan á di ìlà tuntun, memory á kún.

Ọ̀fẹ́ ni Prometheus àti Grafana, owó sáfà nìkan lẹ ó san. Fún àwa tí náírà ń wọlé fún, tí iṣẹ́ báyìí sì sábà máa ń gba dọ́là, ohun ńlá nìyẹn. Alertmanager, tó ń bá Prometheus ṣiṣẹ́, lè fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí Telegram. PromQL, èdè tí a fi ń bi Prometheus léèrè, le díẹ̀, pàápàá histogram_quantile tí a fi ń díwọ̀n bí ìpè ṣe ń pẹ́ tó. Ọjọ́ 15 péré sì ni Prometheus ń tọ́jú nǹkan bí ẹ kò bá yí i padà. Ẹ yí i.

Bí stdio (ọ̀nà tí ètò kan fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀ tààrà lórí kọ̀ǹpútà kan náà) ni sáfà yín ń lò, tó ń tàn tó sì ń kú pẹ̀lú ètò tó pè é, Prometheus lè má bá a nílé rárá. Log tó lọ sí stderr, ojú ọ̀nà tí ètò fi ń sọ àṣìṣe jáde, ti tó yín.